Kí ló dé tí ohùn dùndún fi ń yí padà bí àwọn ọ̀dọ́ onílù Ìjẹ̀bú bá gbé e lọ sí àjọ̀dún ní òkè òkun?

Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi bo ojú ìlù ló fà á: ó máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, ó sì máa ń gbẹ bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Lásìkò òjò ní Ìjẹ̀bú-Òde, awọ á rọ̀, ohùn á wálẹ̀. Nínú ọkọ̀ òfurufú tàbí gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúlégbóná ń ṣiṣẹ́, awọ á gan, ohùn á lọ sókè, ìyáàlù àti kẹríkẹrì, ìlù méjì nínú ọ̀wọ́ dùndún, kò sì ní bára mu mọ́. Ẹni tó ṣe ìlù kò jẹ̀bi.

Kí wọ́n dẹ ọṣán, ìyẹn okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, kí wọ́n tó di ìlù sẹ́rù, torí awọ tó ti gan tẹ́lẹ̀ ló máa ń ya. Bí wọ́n bá dé, kí ìlù kọ́kọ́ wà nínú gbọ̀ngàn fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó tún ọṣán fà. Bí awọ bá rọ̀, kí wọ́n sá a sóòrùn díẹ̀. Dírayà irun tó sún mọ́ ọn jù lè mú kó sán.

Agogo kò ní ìṣòro yìí, ìlù olójú rọ́bà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Àwọn orílẹ̀-èdè kan sì máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí fún awọ ẹran ní ibodè.