Jíìpù Mi Á Kàn Ṣíwọ́ Fífà Lórí Òkè

ÌBÉÈRÈ: Dísẹ́ẹ̀lì tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì) ni jíìpù mi, ti common rail sì ni, èyí tí páìpù líle kan (rail) fi ń pín dísẹ́ẹ̀lì fún ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá ń gun òkè, tàbí tí mo fẹ́ kọjá ọkọ̀ iwájú lórí eré 100, á kàn ṣíwọ́ fífà, bí ẹni pé èèyàn fi okùn dì í láti ẹ̀yìn. Bí mo bá dúró, tí mo pa á, tí mo tún un ṣí, ara rẹ̀ á ti yá. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin kó tó tún dán an wò. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ fíltà dísẹ́ẹ̀lì àti fíltà afẹ́fẹ́. Ó wá ní tọ́bò ló kù tí n ó rà. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì rà á. Tọ́bò tí inú rẹ̀ ti jẹ kì í gbádùn nítorí pé ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, dísẹ́ẹ̀lì tí kò débẹ̀ bó ṣe yẹ ni, tàbí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ gé agbára kù kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́. Méjèèjì ló lè yá lẹ́yìn tí ẹ bá pa ọkọ̀: kọ̀ǹpútà á gbàgbé ẹjọ́, ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù inú táǹkì á sì já bọ́ nítorí pé kò sí ohun tó ń fà á mọ́.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀ láìná kọ́bọ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ wá ibi tí kò léwu dúró sí, ṣùgbọ́n ẹ má pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé jíà sí nútírà, kó máa jó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tún gbéra. Bí agbára bá padà láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, táǹkì àti páìpù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá kọ̀ àfìgbà tí ẹ pa á, kọ̀ǹpútà ló sún mọ́ ọn jù. Kí ẹnì kan tún bá yín wo ẹnu sàlẹ́ńsà lásìkò tó ń ṣe é. Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé dísẹ́ẹ̀lì ń wọlé ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò tó o. Bí kò bá sí èéfín rárá, dísẹ́ẹ̀lì ni kò wọlé tó.

Ká ní ọ̀nà dísẹ́ẹ̀lì ló jọ. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì lójú ẹsẹ̀. Bó bá fa afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú ariwo gígùn, ihò tí táǹkì fi ń mí ti dí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi hóòsì tí ojú ń rí inú rẹ̀, bí i sẹ̀ǹtímítà 30, sáàárín fíltà àti pọ́ǹpù, kí ẹ sì tẹ ẹ́ńjìnnì dé nǹkan bí ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Ìfófòó afẹ́fẹ́ tó ń sáré lọ níbẹ̀ túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan: rọ́bà orí fíltà, pọ́ǹpù ọwọ́ tó ti sán, tàbí kílíìpù tí kò dì mú. Ibi tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé lè má jo dísẹ́ẹ̀lì síta rárá, nítorí náà ẹ má sọ pé ilẹ̀ gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ tí kò lágbára yìí nìkan ni ẹ lè tú o. Ẹ má ṣe tú páìpù irin tó lọ sí injector (ẹnu tó ń fín dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì) nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Agbára inú rẹ̀ lè ju bar 1,000 lọ, ó sì lè gún awọ ara wọlé.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí wọ́n so skáná (ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀) mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni tó yọ bátìrì. Kóòdù P0087 ń sọ pé agbára dísẹ́ẹ̀lì lọ sílẹ̀ jù nínú rail. P0299 ń sọ pé tọ́bò kò fẹ́ tó. P0234 ń sọ pé ó fẹ́ jù. Ẹ má dúró síbẹ̀: ẹ gun òkè kan náà, kí ẹlòmíì máa wo iye tí kọ̀ǹpútà béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó rí gbà. Bó bá béèrè bar 1,400 nínú rail tó sì rí 900, fíltà, valve orí pọ́ǹpù ńlá, tàbí injector tó ń dá dísẹ́ẹ̀lì padà jù ló kàn. Bí rail bá ń tẹ̀ lé e dáadáa tí tọ́bò ò sì tẹ̀ lé e, ẹ yà sí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ẹ̀ṣọ́ kan o: 200 kPa lórí ọ̀pọ̀ skáná kì í ṣe bar méjì láti inú tọ́bò. Ó ti ka afẹ́fẹ́ ayé, nǹkan bí 100, mọ́ ọn. Bar kan péré ni tọ́bò fẹ́.

Ti yín yìí, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lórí òkè tó sì ń yá lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́, P0234 ni mo ń retí jù. Àwọn abẹ̀bẹ̀ kéékèèké inú tọ́bò ni èéfín tó dì ti mú, wọn kì í tètè ṣí, tọ́bò á fẹ́ kọjá ààlà, kọ̀ǹpútà á sì gé e. Bó bá jẹ́ èyí tí vacuum (agbára afẹ́fẹ́ tí a fà jáde) ń fà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi pọ́ǹpù vacuum aláfọwọ́fà fa actuator (ohun tó ń ti ọ̀pá àwọn abẹ̀bẹ̀ náà) títí géèjì á fi kan 20 (ní inHg). Ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn láìhá, kí géèjì má sì lọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá há, fífọ ni, kì í ṣe tuntun. Bí géèjì bá ń lọ sílẹ̀, actuator ló ti jò. Ẹ wo hóòsì tín-ín-rín tó wá síbẹ̀ pẹ̀lú: ooru máa ń mú orí rẹ̀ gan, á sì máa jò nígbà tó bá gbóná nìkan.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi ń tú èéfín dúdú, mo sì ń gbọ́ “fììì” bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Skáná ò rí nǹkan kan.

ÌDÁHÙN: Hóòsì intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) ló ti ya, tàbí kílíìpù rẹ̀ ti tú. Ẹ fọwọ́ pa abẹ́ hóòsì kọ̀ọ̀kan: ibi tí òróró bá ti rin gbindin ni. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ di ẹnu méjèèjì, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kó má ju bar kan lọ, kí ẹ sì da omi ọṣẹ lé e. Ẹ yẹ hóòsì tó wà ṣáájú tọ́bò náà wò. Inú rẹ̀ lè bó kó sì pa mọ́ra nígbà tí tọ́bò bá ń fà, síbẹ̀ kí ìta rẹ̀ máa dán.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ó dáa kí n rọ dísẹ́ẹ̀lì kún fíltà tuntun kí n tó dì í?

ÌDÁHÙN: Lórí common rail, rárá. Dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ rọ sí ihò àárín kò gba inú fíltà kọjá. Tààrà ló ń lọ sí pọ́ǹpù pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀. Ẹ dì í lófìfo, kí ẹ fi pọ́ǹpù ọwọ́ fà á títí yóò fi le lọ́wọ́ yín, kí ẹ tó ṣíná.