Ẹlòmíì Ló Ń Tan Fílàṣì Ẹ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ti ń ya fótò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fílàṣì àti tírígà ẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi sórí kámẹ́rà láti fi rédíò tan fílàṣì láti òkèèrè. Nílé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ níbi ìgbéyàwó Sátidé tó kọjá mo gbé e sórí sténdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyàwó, mi ò tíì tẹ kámẹ́rà ló ti ń kọ mànà, ìgbà témi wá tẹ̀ ẹ́ gan-an, òkùnkùn. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe ayédèrú o, ẹlòmíì ló ń bá ẹ tàn án. Ṣáà ka iye onífótò tó wà níbẹ̀, ẹbí ọkọ mú tiwọn wá, ẹbí ìyàwó mú tiwọn wá, ó sì ṣeé ṣe kí fílàṣì iléeṣẹ́ Godox ni gbogbo yín ń lò, lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan náà, ìyẹn ọ̀nà rédíò, tó bá a wá látinú páálí. Bí wọ́n bá ti tẹ tiwọn, tìẹ náà á gbọ́, ó ti tàn dànù nìyẹn, bátìrì fíńgà 4 yẹn sì lè gba sẹ́kọ́ńdì 2 sí 3 kó tó gbára padà.

Kọ́kọ́ wo ojú fílàṣì náà. Tó o bá rí S1 tàbí S2, ojú ló fi ń ríran yẹn, iná fílàṣì ẹnikẹ́ni tó bá ti bà á, á tàn ni, bọ́ sórí rédíò kíá. Lẹ́yìn náà yí ṣánẹ́ẹ̀lì, 32 ló wà níbẹ̀, mú 17 tàbí 23, kí nọ́ńbà kan náà wà lórí tírígà àti fílàṣì. Èmi máa ń tètè débẹ̀, màá kí àwọn onífótò yòókù, màá bi wọ́n pé ṣánẹ́ẹ̀lì wo lẹ wà? Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí torí ìyàwó wà lórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan, bàbá gbọ́wọ́ lé e lórí ó ń súre, omijé ti dé etí ojú ọmọ, mo tẹ̀ ẹ́, kò tàn, wọn ò sì lè tún un ṣe nítorí tèmi.

Má fi agbára fílàṣì náà sí 1/1, ìyẹn gbogbo agbára ẹ̀, gbé e wá sí 1/8, kó o gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 800, á máa yára gbára.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ń fa ìlà dúdú nísàlẹ̀ fótò tí mo bá lo fílàṣì?

Ìdáhùn: Ṣọ́tà ẹ, kọ́tìnì tó ń ṣí tó ń pa nínú kámẹ́rà, ti yára jù. 1/200 tàbí 1/250 sẹ́kọ́ńdì lọ̀pọ̀ kámẹ́rà mọ, tó o bá kọjá ẹ̀, kọ́tìnì inú kámẹ́rà ti bo apá kan kí fílàṣì tó tàn. Bóòrùn bá mú tó o gbọ́dọ̀ kọjá ẹ̀, tan HSS, ètò tó ń jẹ́ kí fílàṣì bá ṣọ́tà tó yára ṣiṣẹ́, àmọ́ iná ẹ̀ máa dín kù gan-an, torí náà gbé sténdì súnmọ́ ẹni tó ò ń yà, tó bá wà ní mítà 4, gbé e wá sí 2, ìlọ́po 4 iná yẹn ló máa bà á.