Èsì: Ìkéde owó aṣọ tó bí àwọn ìyá nínú

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ tí ò ń bá regbẹ́regbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) ìyá rẹ ṣe o. O ní àwọn ìyá bínú sí ìkéde tí o kọ sórí WhatsApp wọn nítorí Ojúde Ọba, ọdún Ìjẹ̀bú tó máa ń tẹ̀lé Iléyá: "Ẹ gbọ́dọ̀ san owó aṣọ Ojúde Ọba kó tó di Jímọ̀. Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá san kò ní gba aṣọ."

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí o kọ. "Gbọ́dọ̀" yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ kì í fi í ránṣẹ́ sí ìyá, pàápàá ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. "Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ tẹ́lẹ̀" náà ń dún bí ẹni pé etí wọn di. Ká ní ẹnu lo fi sọ ọ́, ohùn pẹ̀lẹ́ ì bá tù wọ́n lójú. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n rí.

Èmi ì bá kọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìmúra Ojúde Ọba. Télọ̀ fẹ́ gba owó lọ́jọ́ Jímọ̀ kó lè rí aṣọ wa rán kí Iléyá tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi tiyín ránṣẹ́." Má yọ ọjọ́ Jímọ̀ kúrò o! Àwọn kan máa ń kíni títí a ò fi ní mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́.

Fún ẹni tó bá pẹ́, má kọ "ẹ ò tíì san". Kọ "mi ò tíì rí orúkọ yín nínú ìwé mi, mà". Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti san, ẹ ó jọ yẹ ìwé wò láìsí ìjà.