Kí Lẹ Máa Ń Bi Wọ́n Láàárọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléeṣẹ́ mẹ́rin ló wà lábẹ́ mi, máníjà kọ̀ọ̀kan ló ń darí wọn. Lọ́dún tó kọjá, a pinnu pé òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró bó bá ti rí àléébù, kó má dúró de ọ̀gá. A kó àwọn máníjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún lórí bí wọ́n ṣe lè ṣáájú àyípadà yìí. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí bọ̀. Ó di oṣù mẹ́jọ báyìí, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni nǹkan ti yí padà. Àwọn mẹ́ta yòókù mọ ẹ̀rọ bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é. Ṣé kí n fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn ni?
— Ó Ti Sú Mi

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ ní sùúrù ná. Kí lẹ máa ń bi wọ́n tí ẹ bá pè wọ́n láàárọ̀? Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé “Mélòó la ṣe lánàá?” ni.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ máníjà, ohun tí ọ̀gá mi máa ń bi mí nìyẹn ní aago méje ààbọ̀ àràárọ̀. Kò bi mí rí pé ta ló dá ẹ̀rọ dúró, kí ló rí, kí la wá ṣe sí i. Nígbà tí irú àṣẹ tiyín yìí dé ọ̀dọ̀ wa, mo lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ayé ti máa rí i, mo wá ń gbàdúrà nínú lọ́hùn-ún pé kí ẹnikẹ́ni má lọ dán an wò. Bí ẹ̀rọ bá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi ni mo máa ṣàlàyé lórí fóònù lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe ìwé ara ògiri.

Ohun tó sọ àwọn èèyàn yìí di máníjà ńkọ́? Béárìn jó láago méjì òru, àwọn ni wọ́n dé tí ẹ̀rọ fi tún yí. Ìdí iná pípa ni wọ́n ti gbayì. Ẹ wá ní kí wọ́n dúró sẹ́yìn, kí ọmọ tó gbaṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn máa sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Lójú wọn, iyì wọn lẹ gbà lọ́wọ́ wọn, ẹ ò sì tíì fún wọn ní òmíràn. Ta ló máa yá lára?

Èmi náà kò kọ́ ọ ní kíláàsì. A fẹ́ tún ibi tí a ti ń di ọjà sínú páálí tò. Èmi àtàwọn ẹnjiníà méjì tilẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a yà á sórí ìwé, ó dùn ún wò. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru fi gbé tábìlì padà sáàyè rẹ̀ àtijọ́. Mo fi ìbínú lọ bá wọn láago kan òru. Obìnrin kan tó wà ní ìparí láìnì kò bá mi jiyàn. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ogún páálí.” Kí n tó di ìkẹsàn-án tán, ẹ̀yìn mi ti sọ fún mi. Níbi tí a gbé tábìlì sí, èèyàn gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn sí bẹ́líìtì kó tó lè mú tépù, kó sì tó yíjú padà, ọjà á ti gun ara wọn. Ọjọ́ tí a gbé e débẹ̀ ló ti mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ni. Òun àtàwọn mẹ́ta míì ló tún un tò lóru ọjọ́ yẹn, ibi tí wọ́n gbé e sí ló wà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà tipẹ́ o. Lọ́dún 1948, Lester Coch àti John French kọ ohun tí wọ́n rí ní iléeṣẹ́ Harwood jáde, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ìsùn nílùú Marion, ní Virginia, Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ tí wọ́n kàn pàṣẹ fún pé iṣẹ́ ti yí padà, ọwọ́ wọn wálẹ̀, kò gòkè mọ́, ìdá 17 nínú 100 wọn sì fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín 40 ọjọ́. Àwọn tí gbogbo wọn jọ ṣètò àyípadà náà, kò pẹ́ tí iṣẹ́ wọn fi padà sípò, tó tún kọjá ti tẹ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ tèmi ni, láti ọjọ́ Ajé, ìbéèrè àkọ́kọ́ á di “Ta ló dá iṣẹ́ dúró lánàá, kí lẹ sọ fún un?” Kí ti iye tẹ̀lé e. Bí máníjà bá ní kò sẹ́ni tó dá a dúró, ẹ má kí i kú oríire. Ẹ bi í bóyá ẹ̀rù ló ń ba àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ wá igbákejì tí á máa jẹ́ ìpè òru fún wọn pẹ̀lú, torí ẹni tí wọ́n jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru kò ní í ro àyípadà kankan tílẹ̀ bá mọ́.

Kí àwọn mẹ́ta yẹn sì lọ bá ìkẹrin wọn, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ dúró ti ẹ̀rọ. Nígbà tí General Motors àti Toyota jọ tún ṣí iléeṣẹ́ tí wọ́n ti tì pa ní Fremont, California, lọ́dún 1984, òṣìṣẹ́ àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbà. Wọ́n kó àwọn aṣáájú wọn lọ sí Jàpáánù, kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ nídìí láìnì Toyota. Okùn tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ dúró wà lókè orí òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fà á, aṣáájú rẹ̀ á sáré wá ràn án lọ́wọ́, kò ní í jágbe mọ́ ọn. Àfi kéèyàn fà á fúnra rẹ̀, kó rí ojú ẹni tó sáré wá, kó tó gbà á gbọ́.

Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn kò ní í lè ṣe é lóòótọ́. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá lórí gbogbo èyí, ẹ fi í ṣe olórí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ má sì dín owó rẹ̀ kù. Mo mọ irú wọn. Ó máa sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ má kọ iye ọjà tí wọ́n ṣe sí i o, iye ìgbà tí iṣẹ́ dúró ni mo fẹ́ mọ̀.