Kì í ṣe ásíìdì ló kéré, ẹ má lọ ra omi bátìrì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. SS3 la wà. A da 50 cm³ HCl (hydrochloric acid) tó jẹ́ 1 mol/dm³ lé 1 g mábù lórí, a wá gba gáàsì ẹ̀ sínú sílíńdà oníwọ̀n tó kún fún omi, tá a dojú ẹ̀ dé sínú ọpọ́n omi. Ìṣirò wa sọ pé 224 cm³ ló yẹ ká rí àmọ́ 190 la rí. Tíṣà lẹ́sìnnì wa ní ásíìdì yẹn ò lágbára, pé ká sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, tí ò bá tún pé ká ra omi bátìrì lọ́dọ̀ rewáyà. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, kì í ṣe òótọ́, ẹ má sì ra omi bátìrì kankan. Gbogbo ìgbà tí práktíkà WAEC bá ti ń sún mọ́lé ni wọ́n máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí, inú sì máa ń bí mi gan-an torí ojú ọmọ ọlọ́mọ ni àwọn kan fi ń ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Mole ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka nǹkan nínú kẹ́místrì. Mole kan mábù, ìyẹn calcium carbonate (kábónéètì), jẹ́ 100 g, torí náà 1 g jẹ́ 0.01 mole. Mole méjì HCl ló ń bá mole kan mábù ṣiṣẹ́, ìyẹn ni pé 0.02 mole lẹ nílò. 1 mol/dm³ túmọ̀ sí mole kan nínú 1000 cm³, torí náà 20 cm³ péré nínú ásíìdì yín ló ní iye yẹn nínú. 50 lẹ dà! 30 cm³ tó kù kàn jókòó síbẹ̀ ni, kò rí mábù tó máa jẹ. Ìyá tó ní ẹyin kan ṣoṣo, tó bá da agolo òróró mẹ́wàá sínú agbada, ẹyin kan náà ló máa dín. Níbi tí ásíìdì bá ti pọ̀ tó, mábù ló ń sọ iye gáàsì tó máa jáde, kì í ṣe ásíìdì.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ṣùgbọ́n sà, tí ásíìdì bá le ó máa ń hó yàà. Ó ń hó kíákíá ni. Kíákíá yàtọ̀ sí púpọ̀. Ẹ lọ mábù yẹn kúnná, á hó parí ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ní òkúta, á pẹ́, àmọ́ gáàsì kan náà lẹ máa gbà níkẹyìn.

Ibo wá ni gáàsì yín lọ? Inú omi ni. CO₂ (carbon dioxide), gáàsì tó ń jáde lára mábù yẹn, máa ń yòrò nínú omi, kì í ṣe díẹ̀ o: ní 30°C, 100 cm³ omi lè gba nǹkan bí 70 cm³ CO₂ mọ́ra tí ẹ bá fún un láyè kó kún un dáadáa. Ó yòrò sínú omi ọpọ́n, ó tún yòrò sínú ásíìdì tó wà nínú fláàsìkì fúnra ẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá sọ ásíìdì yẹn di 100 cm³, gáàsì tí ẹ máa kà lè tún dín kù sí i ni. Àti pé 224 yẹn gan-an ò bá yàrá yín mu, 0°C ni wọ́n fi ṣe é, ta ló ń ṣe práktíkà ní 0°C ní Nàìjíríà? Ní 30°C, ó yẹ kó sún mọ́ 249 cm³, torí náà ohun tó sọnù ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Omi bátìrì ńkọ́? Sulphuric acid ni, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ẹ̀ ni ásíìdì. Tó bá kan mábù, á hó díẹ̀, calcium sulphate tó ṣòroó yòrò á bo òkúta yẹn lára, ásíìdì ò ní rọ́nà dé inú mọ́, híhó á dákẹ́. Ẹ fẹ́ gáàsì púpọ̀ sí i, ẹ ò ní rí èyí tẹ́ ẹ rí tẹ́lẹ̀ pàápàá. Ó sì ń fọ́ ojú, ó ń bó ara. Tó bá ta sí ẹnikẹ́ni lójú, omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ó kéré tán fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi mílíìkì sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé, pẹ̀lú tíṣà lábù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, torí ohun tí mo kọ síbí ò rọ́pò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní síríńjì gáàsì, ẹ lò ó, àmọ́ 0.3 g mábù ni o, nǹkan bí 75 cm³ nìyẹn, torí 100 cm³ ni ọ̀pọ̀ síríńjì ń gbà, 1 g á ti igi ẹ̀ jáde. Tí kò bá sí, ẹ fi omi iyọ̀ tó ki kún ọpọ́n àti sílíńdà, CO₂ kì í yòrò nínú ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ èérún mábù kan sínú ásíìdì kó hó tán, kí ásíìdì ti yó gáàsì sílẹ̀. Ẹ dẹ̀ má da afẹ́fẹ́ tó kọ́kọ́ jáde nù! Gáàsì yín ló tì í jáde, ẹ kà á mọ́ ọn. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi omi láìmù (limewater, tí CO₂ máa ń sọ di funfun bíi mílíìkì) dán gáàsì wò nìkan lẹ máa dà á nù. Tẹ́ ẹ bá ní òṣùwọ̀n tó ń ka 0.01 g, ìyẹn tiẹ̀ rọrùn jù: ẹ fi òwú dí ẹnu fláàsìkì díẹ̀díẹ̀, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, 1 g mábù á mú kó fúyẹ́ ní 0.44 g. Òwú o, ẹ má fi kọ́ọ̀kì dé e pa, ó lè bú gbàù.

Ẹlòmíì tún bi mí bóyá ṣọ́ọ̀kì lè dípò mábù. Èyí tó pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀kì kíláàsì báyìí, calcium sulphate ni, kò ní hó. Èèpo ẹyin sàn jù, ẹ bó awọ inú ẹ̀ kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì rántí pé nǹkan bí 5 nínú 100 ẹ̀ kì í ṣe kábónéètì, kẹ́ ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò yín.