Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Ọkọ̀ Oní-fáíbà Kì Í Bàjẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Gwarinpa ni mò ń gbé. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì l'Ékòó, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ìgbòkun, àmọ́ ó ti lé lógún ọdún báyìí tí mi ò fọwọ́ kan okùn ọkọ̀. Mo fẹ́ padà sí i ní adágún Jabi. Ẹnì kan l'Ékòó ń ta Laser àlòkù kan, ọkọ̀ ìgbòkun kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo máa ń wà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà funfun, ó ń dán gbinrin. Ó ní fáíbà kì í jẹrà bíi pákó, pé ìgbòkun nìkan ni kí n yẹ̀ wò. Ṣé kí n sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. "Fáíbà kì í bàjẹ́" yìí ti sú mi í gbọ́. Àwọn tó ra ọkọ̀ gbé wá s'Ábújá ló ń tún un sọ fún mi, lẹ́yìn tí owó ti kúrò lọ́wọ́ wọn, tí ọkọ̀ sì ti ń mu omi.

Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe rí. Aṣọ gíláàsì ni wọ́n ń tẹ́ léra wọn, tí wọ́n á fi rẹ́sìnì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Rẹ́sìnì ni oje olóòórùn líle tó máa ń le gbagidi lẹ́yìn tí wọ́n bá po kẹ́míkà mọ́ ọn. Gíláàsì kì í jẹrà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òkè Laser, níbi tí ẹ óò jókòó lé, fóòmù ló wà láàárín ìpele fáíbà méjì, kí ó lè le láìwúwo. Gbogbo ibi tí wọ́n ti lu ihò fún bóòtù ni omi lè gbà wọlé bí gọ́ọ̀mù ìdí rẹ̀ bá ti gbó. Bí omi bá dé inú fóòmù, fáíbà á ṣí kúrò lára rẹ̀, òkè ọkọ̀ á sì máa rọ̀ lábẹ́ orúnkún yín.

Rẹ́sìnì fúnra rẹ̀ ń mu omi. Ọkọ̀ tí wọ́n bá fi sórí omi fún ọ̀pọ̀ oṣù láìgbé e gòkè, omi á máa gba awọ òde rẹ̀ tí à ń pè ní gel coat wọlé díẹ̀díẹ̀, á bá kẹ́míkà tó ṣẹ́kù nínú rẹ́sìnì pàdé, ara ọkọ̀ á sì ní ìléròrò. Bí ẹ bá gún ọ̀kan, omi inú rẹ̀ máa ń rùn bíi fínígà. Àwọn kan tún ń sọ pé Jabi kì í ṣe òkun, pé omi rẹ̀ kò lè ṣe ọkọ̀ ní nǹkan. Òdìkejì ni: omi tí kò níyọ̀ tètè ń wọ inú rẹ́sìnì ju omi òkun lọ. Aluminium ni iyọ̀ Èkó ń jẹ ní tiẹ̀. Ẹ wo ìdí gbogbo ìṣó tó wà lára òpó aluminium tó ń gbé ìgbòkun ró. Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú funfun níbẹ̀, ó ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn.

Ọ̀dà titun yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Laser kì í jáde nílé iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀dà. Inú gel coat ni àwọ̀ rẹ̀ wà. Ó lè jẹ́ pé oòrùn ló pa àwọ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi kùn ún. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti sán, tí wọ́n fi pọ́tì àwọn panẹ́ẹ̀lì-bítà dí i. Mo ti fi èékánná hó irú pọ́tì bẹ́ẹ̀ rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí òpó ọkọ̀ kan ń dúró sí. Ó wá lódindi, abẹ́ rẹ̀ tutù, fáíbà ibẹ̀ ti dúdú, ó sì ń bó ní ìpele-ìpele.

Ihò òpó yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ bu omi kún un, ẹ sàmì sí ibi tó dé, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí omi bá lọ sílẹ̀, inú ọkọ̀ ló wọ̀, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Atẹ́gùn líle lè fa òpó ya kúrò níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà láàárín omi. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èèkù ọ̀bẹ oníke máa kan òkè ọkọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó dára máa ń dún ketekete. Ibi tó ti ṣí máa ń dún bọ̀m̀bọ̀m̀. Kí ẹ wá gbé e sórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò ìrẹsì, láìsí òpó, láìsí ìgbòkun. Nǹkan bí 59 kílò ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ń sún mọ́ 70, omi tàbí àtúnṣe ńlá ló wà nínú rẹ̀, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á máa sọ.

Ìgbòkun kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èékánná ha ojú ìránṣọ rẹ̀. Bí òwú bá ń já, oòrùn ti pa á. Ìyẹn ṣeé rà lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò béèrè: ìgbòkun ńlá Laser fẹ̀ ní 7.06 mítà onígun mẹ́rin, ó pọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀. Irú kékeré méjì wà tó bá ọkọ̀ yẹn kan náà mu, bí ẹ bá ti pààrọ̀ apá ìsàlẹ̀ òpó. Ẹ fi kékeré bẹ̀rẹ̀. Ilé yí Jabi ká, atẹ́gùn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, ìjì máa ń ṣáájú rẹ̀ wá láìròtẹ́lẹ̀. Bójú ọ̀run bá ti ṣú, ẹ gòkè. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì kò ṣeé fi sílẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ mọ̀wẹ̀ bí ẹja. Kí ẹ sì béèrè àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó adágún náà kí ọkọ̀ yín tó kan omi.

Èmi kò rí ọkọ̀ náà o, nítorí náà ìdáhùn mi kò lè dípò ẹni tó mọṣẹ́ tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ l'Ékòó, ẹ sanwó fún un, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lójú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó háyà ọkọ̀ akẹ́rù. Bí onítọ̀hún kò bá gbà kí wọ́n bu omi sí ihò òpó, ẹ wá òmíràn.