Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí gùn ju ìyẹn lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Kánádà ni mo wà, ọmọ Ìkòròdú ni mí. Wọ́n fún ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ní iṣẹ́ àṣetiléwá pé kó bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ léèrè òfin ìjọba kan tó kan ìdílé wọn láyé tí àwọn òyìnbó ń ṣàkóso. Màmá mi wà nílé, wọ́n ti lé ní 80 ọdún, iyè wọn sì pé. Àmọ́ ọmọ mi kò gbọ́ Yorùbá, Màmá ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé kí n wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún un ni, àbí kí n pe Màmá kí n máa túmọ̀? Ẹ̀rù ń bà mí kí ọmọ má lọ sọ ohun tí yóò dun Màmá. Àwọn òfin wo gan-an ni wọ́n tiẹ̀ ṣe nígbà náà? Èmi ni Ìyá Tómi.

Èsì: Ìyá Tómi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ pe Màmá. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú jù nílé báyìí, ẹ pè wọ́n lówùúrọ̀ ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń kán yín lójú bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tí mo máa ń sọ fún ènìyàn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, láti Òkè Bálógun, Ìlú Ọba ni mo ti tọ́ àwọn ọmọ mi. Lọ́dún 2016 mo kó wọn lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 84 nígbà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, iná ò sí, gbogbo wa jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Bàbá ní kí ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 13, bá àwọn gbé agolo bisikíìtì kan wá láti abẹ́ ibùsùn.

Agolo náà ti dógùn-ún, ọ̀bẹ la fi ṣí ìdérí rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: tẹ̀sùbáà ìyá wọn tí òwú rẹ̀ ti já, ọ̀níní kan tó ní ihò láàárín àti ìràwọ̀ onígun mẹ́fà lára, àti ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Ìwé náà ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ibi tí wọ́n ti ká a ti fẹ́ já. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹ̀ sórí rẹ̀. Gègé ni wọ́n fi kọ orúkọ bàbá bàbá mi sáàárín, wọ́n sì kọ ọ́ ṣì. Nínú ọdún tó wà lókè, 19 nìkan ló ṣẹ́kù, omi ti pa ìyókù rẹ́. Nísàlẹ̀, ṣílè 5. Ìwé wolé-wolé ni.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Wolé-wolé dé láàárọ̀, ó ṣí amù ìyá àgbà, ó bu omi rẹ̀ sínú abọ́ funfun, ó gbé e síta sínú oòrùn. Tánwíìjí ń jó nínú rẹ̀. Ó kọ ìwé. Nígbà tí wọ́n dé iwájú òyìnbó, ìyá àgbà kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ọmọ tuntun wà nílé, òun ò ráyè fọ amù lọ́sẹ̀ yẹn, kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun lọ dà á nù kíá. Ògbufọ̀ sọ nǹkan kúkúrú kan fún òyìnbó. Ojú òyìnbó yí padà, ó bu ṣílè 5 lé wọn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ẹnìkan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá sọ fún wọn pé ohun tí ògbufọ̀ sọ ni pé obìnrin yìí ní òun ò ní dà á nù. Bàbá bàbá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ti fura níbẹ̀ gan-an, nítorí ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí ìyàwó òun sọ gùn, èyí tí ògbufọ̀ sọ kúrú. Bàbá ń sọ ọ́ bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì bí wọn.

Èmi ni mò ń túmọ̀ fún ọmọ mi bí ó ṣe ń lọ. Nígbà tó parí, ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé wolé-wolé yẹn kò kúkú jẹ̀bi, pé ẹ̀fọn ló ń fa ibà, pé omi yẹn lè pa ọmọ tuntun tí wọ́n ń sọ, kí ló dé tí Bàbá ṣì ń bínú láti ọjọ́ yìí? Kò fi àfojúdi sọ ọ́. Ojú Bàbá ló ń wò, ó fẹ́ mọ̀.

Bàbá tún ìjókòó wọn ṣe, wọ́n yíjú sí mi. “Kí ló wí?”

Mo ní, “Ó ní ẹ kú ìrántí, Bàbá.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo ọmọ náà tó ṣì ń retí èsì. Wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí gùn ju ìyẹn lọ.” Wọ́n ká ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ká a lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dá a padà sínú agolo, wọ́n de ìdérí rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí a fi padà.

Kí ọdún tó yí po, Bàbá papò dà. Ọjọ́ fídáù ni mo tó dé. Wọ́n ti palẹ̀ yàrá mọ́, wọ́n ti dáná sun gbogbo ìwé tó gbó. Ọ̀níní yẹn nìkan ni àbúrò mi bá mi mú pa mọ́. Ìwé lè jó, mo gbà. Èsì tí Bàbá fẹ́ fún ọmọ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Bí wọ́n ṣe jókòó lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa ń jókòó bí wọ́n bá fẹ́ bá ènìyàn jiyàn dáadáa, inú wọn a sì máa dùn sí i. Èmi ni mo gbà á lẹ́nu wọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìwé kiri, bí ẹni tó ń wá ohun tí Bàbá ì bá sọ. Ọmọ mi kò parọ́. 1897 ni dókítà òyìnbó kan, Ronald Ross, rí i dájú pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ní 1899, William MacGregor, tó jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó, títí ó sì fi kúrò ní 1904, ọ̀rọ̀ kíníìnì àti fífa omi àbàtà gbẹ jẹ ẹ́ lógún gidi. Bàbá pàápàá kì í jẹ́ kí ẹfinrin wọ́n lójú wíńdò wọn. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn bó ṣe jẹ́, mi ò rò pé wọ́n á bínú sí i. Ẹni tó dúró láàárín ni ìdílé wa ń bínú sí láti ayébáyé, ibẹ̀ gan-an sì ni èmi náà lọ dúró sí.

Bí àṣẹ ìjọba ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sínú Gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi ń kéde òfin. Kí ó tó dé ẹnu akéde, ó ti gba ọwọ́ akọ̀wé àti ògbufọ̀ kọjá, ẹ̀bẹ̀ aráàlú sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà padà. Ní Ẹ̀pẹ́ tiwa, ó ti pẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 1854, Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, àti àwọn ìjòyè rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé tí Benjamin Campbell, kọ́ńsù ìjọba òyìnbó ní Èkó, gbé wá. Àwọn òyìnbó gbà fún Kòsọ́kọ́ pé Palma, tó wà létí òkun, ni èbúté rẹ̀, Kòsọ́kọ́ náà sì gbà pé òun kò ní bá Èkó jà mọ́. Ọdún 38 lẹ́yìn náà, ní 1892, Ẹ̀pẹ́ kan náà ni àwọn ọmọ ogun òyìnbó gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó gòkè lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn. Nígbà tó sì di 1914, wọ́n ṣe òfin pé lọ́yà kò gbọ́dọ̀ gba ẹjọ́ rò rárá ní Provincial Court, ilé ẹjọ́ tí àwọn òyìnbó alákòóso ti ń dájọ́. Títí di 1933! Ẹ fojú inú wo ẹni tí ẹjọ́ bá a níbẹ̀, tí ògbufọ̀ nìkan jẹ́ ẹnu rẹ̀.

Fún iṣẹ́ Tómi, Ìkòròdú àti Rẹ́mọ kò ṣeé yà, 1894 sì ni Rẹ́mọ bọ́ sábẹ́ ìjọba Èkó. Ẹ bi Màmá bí wọ́n bá gbọ́ nípa ẹjọ́ adé ti 1903, tí Àkárìgbò, ọba Rẹ́mọ, ní Ẹlẹ́pẹ́, ọba Ẹ̀pẹ́, dé adé tí kò tọ́ sí i, tí MacGregor fi ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe pé kó wá sí Èkó wá sọ ẹni tó tọ́ sí. (Ẹ̀pẹ́ ti Rẹ́mọ ni Ẹlẹ́pẹ́ yẹn o, kì í ṣe tiwa tó wà létí ọ̀sà.) Ẹ bi wọ́n léèrè owó ẹyọ tí wọ́n fòfin dè kí wọ́n má kó o wọlé mọ́ ní 1904, bóyá ìyá wọn àgbà ní ìkòkò rẹ̀ kan tó di asán. Ẹ bi wọ́n léèrè iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń fi ipá kó ènìyàn ṣe. Ẹ wá bi wọ́n ibi tí wọ́n sin àwọn òbí wọn sí, nítorí 1917 ni òfin jáde lórí ìbí, ikú àti ìsìnkú, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sin òkú sínú ilé láìgba àṣẹ níbi tí òfin náà bá dé. Inú ọgbà ilé ni a sin Bàbá mi sí. Ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí yóò mú Màmá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn mú èyí tó wù wọ́n.

Ẹ fi fóònù kejì gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ ìwé ìjọba gan-an, fáìlì CO 147 ni ti Èkó ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew, Lọ́ńdọ̀nù níbí; ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ti Ìbàdàn sì wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ẹ ó ṣe rí i láti Kánádà, ẹlòmíràn á bá wa dáhùn ìyẹn.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí ọmọ ọdún 13 kò lè bá bàbá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kí ọmọ yẹn tó la ẹnu. Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, obìnrin kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé wá bá wa nílé, ó ní èdè méjì ló ń dà á láàmú, ká mú ẹyọ kan. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà, ìyàwó mi ń ṣe tọ̀sán, ibùdókọ̀ la ti máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wa. A mú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò bá tíì dúró nínú yìnyín ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ láti gba ọmọ tó ń sùn lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, kó má ṣe dá mi lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àṣẹ ni obìnrin náà pa fún wa, a ò sì bi í ibi tó ti rí i. Nítorí náà mi ò ní ìmọ̀ràn kankan fún yín lórí bí Tómi ṣe lè gbọ́ Yorùbá. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ǹ bá ti ṣe é.

Ní ti ẹ̀rù tó ń bà yín: bí Tómi bá sọ ohun tó korò, ẹ tú u fún Màmá bó ṣe sọ ọ́, gbogbo rẹ̀. Ẹ lè kọ́kọ́ ní “Màmá, ẹ má bínú, ọmọdé ni”, ṣùgbọ́n ẹ tú u. Èyí tí Màmá náà bá fi fèsì, ì báà jẹ́ èébú, ẹ tú u fún ọmọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi bi mí nínú ọkọ̀ pé ṣé òun ló bí Bàbá nínú lọ́jọ́ òjò yẹn, tí wọ́n fi kó ìwé wọn kúrò nílẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ló ti ń rò ó. Mo ní rárá, ó rẹ̀ wọ́n ni.

Ó ń bọ̀ wá jẹun nílé ní ọjọ́ Àìkú yìí. Mo ti gbé ọ̀níní náà sórí tábìlì. Ohun tí mo kọ sí yín yìí, kò lè kà á, èmi ni n ó túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ẹ bá mi kí Màmá.

Bàbá Rónkẹ́